Láti Òtò dé Àgbàdárìgì: Ìsinmi Etí Ọ̀sà fún Ìdílé Mùsùlùmí

  

Bí ìdánwò ìparí ọdún bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ báyìí ni àwọn ọmọ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ibi tí wọn yóò ti lo ọlidé. Àwọn tí ọwọ́ òbí wọn gbé e a máa dárúkọ Lọ́ńdọ̀nù àti Dubai. Láìpẹ́ yìí, mo gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé Ítálì ni òun fẹ́ kó ìdílé òun lọ, kì í sì í ṣe ìlú ńlá ibẹ̀, bí kò ṣe oko. N kò bá a wí. Àwọn ará Ítálì mọ iyì oko wọn. Ní 1985 ni wọ́n ṣe òfin kan tí ó fún àgbẹ̀ láyè láti gba àlejò sí ilé oko rẹ̀, kí àlejò náà sùn níbẹ̀, kí ó jẹ ohun tí ilẹ̀ náà mú jáde, kí ó rí bí wọ́n ṣe ń fún òróró ólífì, kí ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ wo àwókù ilé ayé àtijọ́. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó ti ibẹ̀ rí owó tí irè oko nìkan kò lè mú wá.

Mùsùlùmí tí ó bá dé ibẹ̀ ní ohun tirẹ̀ láti wò. Ní ọdún 827 ni àwọn Mùsùlùmí ti ilẹ̀ Tùnísíà sọdá sí erékùṣù Sicily. Wọ́n gba ìlú Palermo ní 831, ìjọba wọn sì ju igba ọdún lọ ní erékùṣù náà. Ní ìhà gúúsù Ítálì, ìlú kan wà tí ó ń jẹ́ Lucera. Ibẹ̀ ni Ọba Frederick Kejì kó àwọn Mùsùlùmí Sicily lọ ní ọ̀rúndún kẹtàlá, wọ́n dá oko, wọ́n ní mọ́sáláásí, wọ́n sì ń bá a jagun. Ní ọdún 1300, ọba mìíràn tí ó ń jẹ́ Charles Kejì tú ìlú náà ká, ó sì ta àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lẹ́rú. Àlejò a máa gba ẹ̀bá ògiri odi Lucera kọjá lónìí láì bèèrè ẹni tí ó gbé ibẹ̀ rí.

Nítorí ìbéèrè tí àlejò kì í bèèrè yìí ni mo ṣe kọ́kọ́ gba Ítálì kọjá kí n tó padà wálé. Ohun kan náà ni àwa náà ń ṣe nílé. Oko àti etí omi tí a lè fi ṣe ìsinmi wà nítòsí wa, ẹrú títà wà nínú ìtàn rẹ̀, àwọn Mùsùlùmí wà nínú ìtàn náà lápá méjèèjì, a sì ń fi mọ́tò sáré kọjá lẹ́bàá rẹ̀ lọ sí Sẹ̀mẹ̀ láti lọ ra aṣọ àti ìrẹsì. Ilẹ̀ tí mò ń wí ni etí ọ̀sà tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Òtò lọ dé Àgbàdárìgì.

Òtò tí à ń wí yìí kì í ṣe Òtò ti Ìdó ní Èkó o. Òtò-Àwórì ni, tí ó wà lójú ọ̀nà tí ó lọ láti Mile Two sí Sẹ̀mẹ̀, lẹ́yìn Ìjanikin, kí ènìyàn tó dé Àgbárá. Ọmọ Àwórì ni wọ́n. Gbogbo ọmọ Àwórì ni ó sì mọ ìtàn Ògúnfúnminírè, tí ó tẹ̀lé àwo tí ó léfòó lójú omi Odò Ògùn títí tí àwo náà fi rì ní Ìṣẹ́rí. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí a mọ̀ sí Adéníran Ògúnsànyà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dá Òtò mọ̀. Láti 2022 ni ó ti di ara Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ olùkọ́ tí ó kọ́ àwa àti àwọn ọmọ wa ni ó ti ibẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba akẹ́kọ̀ọ́ ni ó máa ń rìn dé ìsàlẹ̀ ìlú, níbi tí ọ̀sà wà.

Ìsàlẹ̀ yẹn ni kí ìdílé tí ó bá fẹ́ ṣe ìsinmi ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ jí lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àsùbáá. Ọ̀sà kò ì tíì dàrú nígbà náà. Àwọn apẹja ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti dẹ àwọ̀n mọ́jú, àwọn obìnrin sì ti dúró dè wọ́n pẹ̀lú agbọ̀n. Kí ọmọ yín rí i bí wọ́n ṣe ń yọ akàn kúrò nínú àwọ̀n láìjẹ́ kí ó gé wọn lọ́wọ́, kí ó wo bí wọ́n ṣe ń to ẹja sórí ààrò tí wọ́n fi èéfín yan án, kí ó sì mọ ìyàtọ̀ láàárín omi ọ̀sà àti omi òkun. Mo ti rí ọmọ ọdún méjìlá, ọmọ Èkó pátápátá, tí ó rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọ̀sà gùn lọ láti ibí títí ó fi kọjá Àgbàdárìgì lọ sí ìhà Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ilẹ̀ iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó sì pààlà láàárín òun àti òkun. Ojú omi yìí ni ọ̀nà ọjà ayé àtijọ́. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé iyọ̀, ẹja àti epo lọ láti ìlú dé ìlú, kí títì ọlọ́dà tó dé. Òun kan náà ni ó sì gbé ẹrú.

Láti Òtò lọ, bí ènìyàn bá ti ń kọjá Àgbárá, ilé a máa dín kù, igi àgbọn a sì máa pọ̀ sí i. Ilẹ̀ àwọn Ògù ni a ń wọ̀ yẹn, àwọn tí àwa Yorùbá ń pè ní Ẹ̀gùn. Iṣẹ́ àgbọn kì í ṣe iṣẹ́ kékeré lọ́dọ̀ wọn. Kò sí ohun tí wọ́n ń sọ nù lára rẹ̀: omi inú rẹ̀ ni mímu, ara rẹ̀ ni jíjẹ, wọ́n ń fún òróró rẹ̀, wọ́n ń fi èèpo rẹ̀ dáná, wọ́n sì ń fi igi rẹ̀ kọ́lé. Gúrúńdì tí àwọn ọmọ wa ń rà ní ilé-ìwé, ibẹ̀ ni kí ẹ ti jẹ ẹ́ ní gbígbóná. Ènìyàn lè wọlé tọ àgbẹ̀ kan kí ó sanwó díẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ń gun igi náà, nítorí kò tíì sí òfin bíi ti Ítálì lọ́dọ̀ wa, ọ̀yàyà àgbẹ̀ náà ni òfin.

Ó kù kí a dé Àgbàdárìgì, níbi tí mo ti fẹ́ dúró pẹ́.

Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún ni òkìkí Àgbàdárìgì kàn gẹ́gẹ́ bí èbúté ẹrú. Ọ̀yọ́, Dàhọ̀mì, Èkó àti àwọn òyìnbó ni ó ń du ojú rẹ̀. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ lónìí, ohun tí amọ̀nà yóò kọ́kọ́ fi hàn yín ni ibi tí igi Àgíyà wà, níbi tí Thomas Birch Freeman àti Henry Townsend ti wàásù ní ọdún 1842, tí wọ́n sì ṣe Kérésìmesì àkọ́kọ́. Igi náà wó ní 1959, wọ́n sì gbé òkúta ìrántí sí ipò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò mú yín lọ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nnárì fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, tí wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1845. Kí ẹ gun àtẹ̀gùn rẹ̀, ó dára kí ọmọ rí irú pákó tí ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn Kristẹni tọ́jú ìrántí tiwọn, a kò sì lè bínú sí ẹni tí ó tọ́jú ohun tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí òkúta kankan tí ó ń sọ fún àlejò pé àwọn Mùsùlùmí ti ń kí ìrun ọdún ní ìlú yìí ní ọdún méjìlá kí Freeman tó dé. Ọwọ́ àwọn òyìnbó ni ẹ̀rí rẹ̀ ti wá. Ní oṣù kẹta ọdún 1830, Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John gúnlẹ̀ sí Àgbàdárìgì nígbà tí wọ́n ń wá ibi tí Odò Ọya ti ń ṣàn wọ òkun. Àárín àwẹ̀ Rámádáánì ni wọ́n bọ́ sí. Nígbà tí àwẹ̀ parí, wọ́n rí àwọn Mùsùlùmí ìlú náà tí wọ́n jáde lọ kí ìrun, tí wọ́n sì ṣe ọdún ìtúnu àwẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìrìnàjò wọn. Ẹni tí ó bá fi òǹkà oṣù Lárúbáwá wò ó yóò rí i pé ó bọ́ sí i gẹ́lẹ́: ìparí Rámádáánì ọdún 1245 lẹ́yìn Hijira ni.

Ta ni àwọn wọ̀nyí? Àwọn kan nínú wọn jẹ́ Haúsá àti ará òkè tí wọ́n kó wá sí etí òkun. Àwọn kan sì tẹ̀lé ọba kan wá. Ọba náà ni Adélé, Ọba Èkó, tí wọ́n lé kúrò lórí oyè ní nǹkan bí 1821, tí ó sì sá wá sí Àgbàdárìgì. Ìtàn Èkó sọ pé ó fẹ́ràn àwọn Mùsùlùmí, pé ó gbà wọ́n láyè, àti pé èyí wà lára ohun tí àwọn ọ̀tá rẹ̀ fi kà á lẹ́sẹ̀. Òun ni àwọn Lander bá níbẹ̀, tí wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ ní Adooley, bí ẹnu òyìnbó ṣe gbà á. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ó padà jọba ní Èkó, ìsìláàmù sì túbọ̀ fìdí múlẹ̀ níbẹ̀.

Ẹlòmíràn tún wà tí ó yẹ kí a mọ̀. Ní 1844, àwọn ọmọ wa kan tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú, tí wọ́n sì ti ń gbé ní Sàró, padà wá sí Àgbàdárìgì. Salu Shitta wà lára wọn. Ó ti ṣe Lèmọ́mù fún àwọn Mùsùlùmí Fourah Bay ní Sàró. Nígbà tí ó dé Àgbàdárìgì, òun náà ni ó ṣe Lèmọ́mù fún àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ títí ó fi kú ní 1849. Ọmọ rẹ̀, tí ó tó ọmọ ogún ọdún nígbà tí wọ́n dé, ni Muhammad Shitta tí ó wá di ọlọ́rọ̀ ní Èkó, tí Sultan ilẹ̀ Turkey fi oyè Bey dá lọ́lá, tí ó sì kọ́ mọ́sáláásí tí wọ́n ṣí ní 1894. Àwọn òbí tí ó ń mú ọmọ wọn kí ìrun ní mọ́sáláásí Shitta-Bey, ẹ sọ fún wọn pé Àgbàdárìgì ni baba ẹni tí ó kọ́ ọ kú sí.

A máa ń sọ apá ìtàn yìí pẹ̀lú ìdùnnú. Apá tí ó kàn le díẹ̀.

Ní ọlidé kan, a kó àwọn ọmọ ilé-kéwú wa jọ láti Òtò, a gba ọkọ̀ lọ sí Àgbàdárìgì ní àárọ̀. A wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà nínú ọ́fíìsì àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ayé ọjọ́un, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1863, ọdún kan náà tí Àgbàdárìgì bọ́ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. A dé ọjà Vlekete tí wọ́n ti ń ta ẹrú. A dé ilé àwọn Mobee, níbi tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà. Wọ́n gbé ọ̀kan lé ọmọ kan lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀ wálẹ̀ nítorí ó wúwo ju bí ó ṣe rò lọ. Irin kan tún wà tí wọ́n fi ń ti ẹnu kí ẹrú má baà jẹun nínú oko ìrèké. Àwọn ọmọ tí ó ti ń pariwo láti òwúrọ̀ dákẹ́.

Lẹ́yìn náà ni a wọ ọgbà Sẹ̀ríkí Àbáàsì.

Bí ìdílé rẹ̀ ṣe ń sọ ìtàn rẹ̀ nìyí. Fárẹ̀mí ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjogà Òrílé ní ilẹ̀ Yewa ni. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn ará Dàhọ̀mì kó o lẹ́rú. Ẹni tí ó kọ́kọ́ rà á ń jẹ́ Abass, ẹni tí ó tún un rà ń jẹ́ Williams, ó sì mú un dé ilẹ̀ Bràsíìlì, níbi tí ó ti kọ́ ìwé àti èdè òyìnbó bí mélòó kan. Bí ó ṣe di ẹni tí ń jẹ́ Williams Abass nìyẹn, orúkọ olówó rẹ̀ méjèèjì ni ó ń jẹ́. Ó padà wá sí etí òkun wa, kì í ṣe láti wá ìyá rẹ̀, bí kò ṣe láti ṣojú olówó rẹ̀ nínú òwò náà. Ó kọ́ ogójì yàrá sí ọgbà yìí, tí wọ́n ń pè ní Brazilian Baracoon títí di òní, kí wọ́n lè máa kó ẹrú pamọ́ síbẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Yàrá náà kéré, fèrèsé rẹ̀ kò ju ihò lọ, amọ̀nà sì sọ pé ogójì ènìyàn ni wọ́n ń rọ́ sínú ọ̀kan. Wọ́n fi agboorùn kan hàn wá, wọ́n ní ogójì ẹrú ni wọ́n fi gbà á. N kò mọ ẹni tí ó ka owó yẹn, ṣùgbọ́n agboorùn náà wà níbẹ̀. Ó di olówó, ó di olóyè láàárín wa, Sẹ̀ríkí Mùsùlùmí ni wọ́n fi í jẹ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pàápàá fi í ṣe olórí ní Àgbàdárìgì ní 1913. Ó kú ní 1919, inú ọgbà náà ni sàréè rẹ̀ wà.

Ọmọbìnrin kan nínú àwọn ọmọ wa, tí ó ń kéwú dáadáa, ni ó bèèrè ní gbangba pé: “Ààfáà, ṣé Mùsùlùmí ni ó ń tà wọ́n ni?”

Kí n má purọ́, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni kí n ní kí wọ́n jẹ́ kí a máa lọ, àsìkò ìrun ti ń tó. Olùkọ́ kan tí ó tẹ̀lé wa tilẹ̀ ti ń sọ fún wọn pé àwọn òyìnbó ni ó fa gbogbo rẹ̀. Òótọ́ ni pé òyìnbó ni ó ní ọkọ̀, tí ó sì ní oko ìrèké. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò bèèrè ẹni tí ó ní ọkọ̀. Mo dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, Mùsùlùmí ni.

Mo wá jókòó tì wọ́n lábẹ́ òjìji ilé náà, mo ṣàlàyé. Mo sọ fún wọn pé ohun tí Mùsùlùmí ṣe yàtọ̀ sí ohun tí ìsìláàmù fi àṣẹ sí. Hádíìsì kan wà nínú àkójọ Bukhari tí ó ka ẹni tí ó ta ọmọ tí a bí lómìnira, tí ó sì jẹ owó rẹ̀, mọ́ àwọn mẹ́ta tí Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ yóò bá ṣe ẹjọ́ ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Àwọn onímímọ̀ ilẹ̀ wa náà kò dákẹ́. Ní nǹkan bí 1615, Ahmad Baba ti Timbuktu kọ ìwé odidi kan láti dáhùn ìbéèrè nípa àwọn tí wọ́n ń kó lẹ́rú, ó sì dárúkọ àwọn ìlú Mùsùlùmí tí kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni kó ọmọ wọn. Nítorí náà, ẹni tí ó ń ta ènìyàn ní etí òkun wa kò lè sọ pé kò sí ẹni tí ó kìlọ̀. Mo sì sọ ohun tí ó ń dùn mí jù fún wọn: ẹni tí a tà nígbà èwe, tí ó mọ bí ó ti rí kí a já ọmọ gbà lọ́wọ́ ìyá, ni ó padà wá ta ọmọ ẹlòmíràn.

Wọ́n tún bèèrè pé ṣé Mùsùlùmí wà nínú àwọn tí wọ́n tà. Èyí rọrùn láti dáhùn. Láti àwọn èbúté etí òkun yìí, Àgbàdárìgì, Èkó, Àjàṣẹ́ àti Àìdá tí wọ́n ń pè ní Whydah, ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá àti Haúsá lọ sí Bahia ní Bràsíìlì. Àwọn Mùsùlùmí inú wọn kò gbàgbé kéwú. Wọ́n ń kọ ọ́ sórí ìwé pélébé, wọ́n ń fi í kọ́ ara wọn ní ìkọ̀kọ̀. Ní òru ọjọ́ kẹrìnlélógún mọ́jú ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, nínú oṣù Rámádáánì, wọ́n dìde ogun ní ìlú Salvador láti gba ara wọn sílẹ̀. Wọ́n pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n na àwọn mìíràn ní ẹgba, wọ́n sì dá àwọn kan padà sí ilẹ̀ Áfíríkà. Malê ni àwọn ará Bràsíìlì ń pe àwọn Mùsùlùmí wọ̀nyí, inú ìtàn wọn sì ni orúkọ náà wà títí di òní. Ìmàle ni. Orúkọ tí wọ́n fi ń pe bàbá àgbà wa ní Ìbàdàn àti Ìsẹ́yìn ni.

Kì í ṣe gbogbo òbí ni inú rẹ̀ dùn nígbà tí a padà dé. Bàbá kan wá bá mi ní ilé, ó ní ṣé kò sí ohun mìíràn tí a lè fi kọ́ ọmọ ni ju kí a máa tú àṣírí Mùsùlùmí síta lójú àwọn ọ̀rẹ́ wọn tí ó jẹ́ Kristẹni. Mo bọ̀wọ̀ fún un, àgbà ni. Ṣùgbọ́n ìdílé Sẹ̀ríkí fúnra wọn ni ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, tí wọ́n ń fi yàrá náà han ayé, tí wọn kò fi ìtàn bàbá wọn pamọ́. Bí ọmọ bíbí inú rẹ̀ bá lè sọ ọ́, kí ni ó ń dí èmi lẹ́nu? Ọmọ tí a bá sì fi pamọ́ fún, amọ̀nà yóò sọ fún un lọ́jọ́ mìíràn, yóò sì rò pé a mọ̀ tí a kò sọ ni.

Láti ọgbà náà, a kí ìrun Àílà ní mọ́sáláásí ìlú, a jẹun, a sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Gbẹ́rẹ̀fú ní òdì kejì ọ̀sà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà lọ sí etí òkun. Ẹsẹ̀ ni ẹ ó fi rìn ín, lórí iyanrìn, láàárín igi àgbọn. Ẹ ó dé ibi kànga kan tí wọ́n ní wọ́n ń fún ẹrú mu nínú omi rẹ̀ kí ó lè gbàgbé ilé. Àwọn Malê kò gbàgbé, àwọn ọmọ ni ó rán mi létí ọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́. Ní ìparí ọ̀nà ni òkun wà, pẹ̀lú òpó ìrántí tí wọ́n gbé síbẹ̀ fún àwọn tí ó lọ tí wọn kò padà. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, iyanrìn rẹ̀ mọ́, ó sì rẹwà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣeré níbẹ̀, nítorí ọmọ kì í ronú láti àárọ̀ dé alẹ́.

Ìwọ̀nba ìmọ̀ràn díẹ̀ ni ó kù. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan wẹ̀ nínú òkun yẹn, ìgbì rẹ̀ a máa fa ènìyàn lọ. Ẹ má wọ ọkọ̀ ojú omi láìwọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Bí ẹ bá pàdé Zangbeto ní ìgboro, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó kọjá, wíwò kì í ṣe bíbọ, onílé ni wọ́n, àlejò ni ẹ̀yin. Ẹ lọ ní ọjọ́ tí kì í ṣe òpin ọ̀sẹ̀ bí ẹ bá lè ṣe é, nítorí ọ̀nà yẹn, tí wọ́n ti ń fẹ̀ láti 2009, a máa há púpọ̀ ní Satidé. Ẹni tí ó bá ń bọ̀ láti Èkó lè wọ ọkọ̀ ojú irin láti Marina dé Mile Two, ó ti ń rìn láti 2023, kí ó tó wọ mọ́tò. Ẹ mú ìwé àti báírò lọ́wọ́ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá kúrò ní Òtò lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ yóò rí gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀, yóò sì ra gúrúńdì bọ̀ wálé kí wọ́n tó pe ìrun Màgàríbì.